Àdúrà wo lẹ gbà nínú ilé tí Ọlọ́run dáhùn lọ́nà tó yà yín lẹ́nu?

Ọmọ Alákàrà: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Wọ́n ti mú iná lọ, oorun ò kun mí, ni mo ní kí n bi yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni o, ti aya ni o, ọmọ ni o, àna ni o. Ẹ má wàásù fún mi, ìrírí ni mò ń wá.

Kọ́lá88: Mo gbàdúrà kí NEPA mú iná wá. Mo ṣì wà lórí ẹ̀.

Màmá Bọ̀bọ́: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, àmọ́ kẹ́ ẹ má bú mi o. 2019, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi ti Ìṣẹ́yìn wá láti bá wa wẹ ọmọ. Ha! Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé ní Agége nígbà yẹn. Màmá á ní omi tí mo fi wẹ ọmọ ò gbóná tó, á ní ẹ̀kọ tí mo mu ò ki tó, á ní kí ló dé tí mo fi pampers dí ọmọ nídìí látàárọ̀ bí ẹni di ẹrù lọ ọjà, kò ṣáà sí nǹkan tí mo ṣe tó dáa lójú wọn, ọkọ mi á kàn máa wo bọ́ọ̀lù tiẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo wọ bálùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn mi, mo ní Olúwa, jọ̀ọ́, mú màmá yìí lọ sílé wọn, mi ò ní kí nǹkan kan ṣe wọ́n o, ilé wọn ṣáà ni kí wọ́n lọ. Ọjọ́ kẹta, àbúrò wọn pè pé ẹbí fẹ́ pín ilẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Wọ́n lọ ní Sátidé. Mo jó ní kíṣìnnì.

Alẹ́ Sátidé yẹn, ọmọ ò sùn. Sọ́ńdè, kò sùn. Mọ́ńdè, èmi, ọmọ àti bàbá ẹ̀ la jọ ń sunkún. A fún un ní gripe water, a tan fáànù, a pa fáànù, irọ́. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń sùn yẹn, màmá ló ń dìde. Wọ́n ní àgékù aṣọ òfì àtijọ́ kan, ó ti rọ̀ wọ̀jọ̀, òun ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n, wọ́n á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fìríìjì, wọ́n á máa kì í, Àjàní, Àjàní. Túsìdé mo gbé ọmọ, mo wọ mọ́tò, ó di Ìṣẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀. Màmá ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn ní "gbé e wá". Mi ò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán tí ọmọ ti ń hanrun.

Adúnní: O ṣí ẹ̀rọ omi kí màmá má gbọ́ 😂😂😂 mo kú o

Bàbá Ràbíù: Èyí kì í ṣe ìdáhùn àdúrà, ẹgba ni.

Màmá Bọ̀bọ́: Bàbá, ó dájú pé ẹ ò wẹ ọmọ jòjòló rí.

Bro Sámú: Arábìnrin, ẹ̀rí yín dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún oríkì yẹn o. Wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀mí ìdílé máa ń gba ibẹ̀ wọlé sára ọmọ.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ó ti dé.

Kọ́lá88: Ẹ̀mí wo ló wà nínú Àjàní? Ọmọ tí a jà kí a tó ní, àbí kí ló tún túmọ̀ sí?

Bro Sámú: Mi ò sọ ti Àjàní. Oríkì orílẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ti ń dárúkọ òrìṣà.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ "oríkì" lásán, ẹ ti wá ń pín in báyìí. Ìyá mi, CAC paraku, tó jẹ́ pé tó bá ń sọ ti Àpọ́sítélì Babalọlá, bí rólà tí wọ́n fi ń ṣe títì ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún 1928, wàá rò pé òun náà jókòó lórí rólà yẹn ni, ìyá yìí kan náà ló ń kì wá láràárọ̀. Tí ò bá tíì kì ẹ́ kò ní bu oúnjẹ fún ẹ. Ẹ̀mí kankan ò wọ̀ wá, àfi ti oúnjẹ.

Kọ́lá88: Rólà ni? Katapílà ni wọ́n sọ fún àwa.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Rólà ni jàre.

Ìyá Ọkùnrin Mẹ́ta: Mo tọrọ ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo orúkọ mi.

Aláìlórúkọ: Mo ka gbogbo ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ni ká wá pe tiwa? 2021, kídìnrín bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbogbo ilé, títí kan àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á fi bísíkíìtì ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá ni bàbá kú. Ọmọ yẹn bi mí pé ṣé torí ẹyọ kan tí òun jẹ lọ́sàn-án ni. Mi ò tíì dá a lóhùn dòní.

Bro Sámú: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rántí pé nígbà míì bẹ́ẹ̀ ni ni Ọlọ́run máa sọ, nígbà míì rárá, nígbà míì ó máa ní ká dúró...

Adúnní: Bro Sámú, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe báyìí.

Bàbá Ràbíù: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Bísíkíìtì ò pa bàbá yín, sọ fún un lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ò tíì bàlágà, ààwẹ̀ ò tiẹ̀ di dandan fún un, kò jẹ gbèsè kankan. Èmi náà dìde lóru fún oṣù méjì gbáko lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi, mo kí tahajud débi pé orúnkún mi wú. Ó lọ. Mo ṣì ń dìde. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló dé, mi ò lè sọ, oorun ò kàn gbà mí mọ́ lásìkò yẹn ni.

Màmá Bọ̀bọ́: Bàbá, ẹ forí jì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Ràbíù: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wẹ ọmọ o, àwọn méjèèjì tó kẹ́yìn, ọwọ́ èmi ni wọ́n wà.

Aláìlórúkọ: Ẹ ṣé sà. Àbúrò mi yẹn ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí, ó kàwé sùn sórí àga. Tó bá jí láàárọ̀ màá sọ fún un.

Ọmọ Alákàrà: Wọ́n ti mú iná dé o!

Kọ́lá88: Àdúgbò tiyín ni. Ọ̀dọ̀ tèmi ṣì ṣú dùdù.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Màmá Bọ̀bọ́, ẹ dákun, ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà pín in?

Màmá Bọ̀bọ́: Ilẹ̀ wo? Wọ́n ṣì ń jà lórí ẹ̀ dòní.