Kí ló lé fíìmù kúrò ní sinimá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ sinimá rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n pa fíìmù 35mm tì, ìyẹn téèpù gígùn tí wọ́n ń ká sínú róòlù, tí ẹ̀rọ fi ń gbé àwòrán sójú aṣọ funfun? Ṣé àwòrán dìjítà ló dára jù ni?

Èsì: Owó ni. Ẹ̀dà fíìmù wọ́n, ó sì wúwo. Háàdì díráìfù tí wọ́n ń kó àwòrán dìjítà sí ṣe é kì bọ báàgì. Nígbà tó fi máa di 2014, Paramount, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe sinimá ní Amẹ́ríkà, ò fi bẹ́ẹ̀ fi fíìmù 35mm ránṣẹ́ sáwọn sinimá ibẹ̀ mọ́.

Èsì: Èmi ṣiṣẹ́ yẹn. Róòlù kan ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Tó bá kù díẹ̀ kó tán, àmì róbótó kan á yọ fìrí ní igun òkè lápá ọ̀tún. Kíá, mo ti ṣí ẹ̀rọ kejì! Àárò rẹ̀ ń sọ mí, àmọ́ ẹ̀yìn mi ò ṣàárò ẹrù yẹn.

Olùbéèrè: Dìjítà ò wá ní wàhálà ni?

Èsì: Ó ní o. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i, ìyẹn kóòdù orí kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́ àti wákàtí tiẹ̀. Tí kò bá tíì dé, ẹ máa wo aṣọ funfun ni.