Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ ìjọba rí, gọ́tà ni o, títì ni o, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Lọ́dún 2024 mo wà nídìí iṣẹ́ gọ́tà kan lápá Ìgbógbó, agbaṣẹ́ṣe kọ́ ló gbà mí o, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ni mo wà, tí mi ò bá tíì buwọ́ lùwé pé iye mítà báyìí ti parí, owó ò lè jáde. Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn kí sìmẹ́ǹtì tó gbówó lórí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, àpò tí à ń rà ní nǹkan bí ₦5,000 ló di ₦10,000 tó tún lé, kò sì sí ibì kankan nínú àdéhùn náà tó ní bí ọjà bá wọ́n kí owó iṣẹ́ gòkè.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá ni mo rí i pé àwọ̀ kọ̀ǹkéré ti ń yàtọ̀, ó ń pọ́n, ó dà bíi yanrìn lásán. 1:2:4 ni wọ́n ní kí wọ́n máa pò, sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn lébìrà ti lọ, mo ń ka àpò òfìfo. Kọ̀ǹkéré tí a bá pò báyẹn, kúbíìkì mítà kan máa ń jẹ nǹkan bí àpò mẹ́fà àbọ̀, kúbíìkì mítà mẹ́rin ni wọ́n sì rọ lọ́jọ́ yẹn, torí náà bí àpò 26 ló yẹ kí n rí. 17 ni mo kà. Mo tún un kà.

Lọ́jọ́ kejì fóómàn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "Ẹnjiníà, ẹ ṣàánú wa, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì, ọ̀gá ní ká máa fọgbọ́n ṣe é." Mo mọ̀ pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n a ti bu kọ̀ǹkéré ọjọ́ yẹn sínú àwọn àpótí irin kéékèèké, 150 mm lóòró, 150 mm níbùú, tó bá ti le, a máa ń yọ ọ́ kúrò nínú wọn, ká rì í sómi, ká fi ẹ̀rọ fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ keje láti mọ bó ṣe lágbára tó, ká fọ́ ìyókù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ keje ó yẹ kó ti ní tó ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí a ń wá. 20 N/mm² là ń wá, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára kọ̀ǹkéré, ó yẹ kó ti lé ní 13. 8 ni ẹ̀rọ láàbù kọ fún wa.

Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fọ́ mítà 36 nínú gọ́tà náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa, kòtò wà ní gbayawu níwájú ilé àwọn èèyàn, pákó ni wọ́n fi ń sọdá. Màmá kan tó ń din àkàrà níbẹ̀ pè mí, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe? Àwọn oníbàárà mi ò lè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́." Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, pé tí a bá fi sílẹ̀ báyẹn, ọjọ́ tí típà bá fẹ̀yìn gùn ún ló máa wó. Wọ́n gbọ́, àmọ́ àkàrà wọn ò tà lóṣù yẹn, èmi ni mo fà á, mi ò sì lè sọ pé mi ò fà á.

Agbaṣẹ́ṣe fọ́ ọ, ó tún un ṣe. Owó wá kù díẹ̀ káàtó. Ìpàdé tí a ṣe lórí ẹ̀ le gan-an, àwọn kan ní ká dín irin kù, kí gígùn rẹ̀ lè pé bó ṣe wà nínú ìwé, torí gígùn ni àwọn ọ̀gá máa ń wọ̀n tí wọ́n bá dé. Èmi ní ká gé gígùn, ká má fọwọ́ kan irin àti sìmẹ́ǹtì. Ohun tí a ṣe náà nìyẹn, a dúró ní oríta, kò dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Àgbádárìgì

Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe lèmi, ẹ jẹ́ n sọ apá tiwa, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbèjà ẹni tó jí sìmẹ́ǹtì o. Yàrá ìkàwé mẹ́ta ni mo kọ́ lápá Àjárá fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, 2016 ni. Owó ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún mi jẹ́ 15%, òfin 2007 tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde ní kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn, báńkì tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò sì gbọ́dọ̀ dúró fún ẹ kó o tó rí i gbà. Mo fi ṣe fáńdéṣọ̀n, mo gbé ilé dé líńtẹ̀lì, mo kọ̀wé owó. Òfin yẹn kan náà ní bí ọjọ́ 60 bá ti kọjá tí wọn ò sanwó, èlé gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Mo dúró fún oṣù méje gbáko. Ta ni máa béèrè èlé lọ́wọ́ ẹni tó o fẹ́ kó tún fún ẹ níṣẹ́ míì? Èlé báńkì tèmi ò dúró dè mí ní tiẹ̀. Mo ta bọ́ọ̀sì mi, òun ni mo fi kan pánù. Mi ò dín nǹkan kan kù, àmọ́ mo mọ àwọn tó jẹ́ pé irú oṣù méje báyìí ló kọ́ wọn ní ìwà pípo yanrìn.

Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ni mí. Tiwa, iṣẹ́ ọ̀nà ni, oṣù kẹta ni owó jáde, oṣù karùn-ún ni wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ pupa dé, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ mò ń wò ó, kátápílà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rì bí ẹ̀kọ, wọ́n ṣì ń dà á lé e torí wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá máa wá wò ó ti sún mọ́lé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dúró de ìgbà tí òjò á dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ní ọjọ́ tó wà nínú ìwé ò ní dúró de òjò. Kí ọdún tó parí ọ̀nà yẹn ti ṣe ihò. Látìgbà náà, iṣẹ́ tó bá wọ àdúgbò wa, a máa ní kí wọ́n fi ètò ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ hàn wá, mo ní ìwé kan tí mò ń kọ ọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n wá, ọjọ́ tí wọn ò wá, iye típà tó já yẹ̀pẹ̀. Wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọn ò lè sọ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́.

Ẹnjiníà, mo fẹ́ bi yín o, àwọn ará ìsàlẹ̀ tí gọ́tà ò dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́?

Ìkòròdú

Ẹ ṣeun, ìbéèrè yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn. Wọn ò tíì gbé iṣẹ́ tó kù jáde. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Sátidé, mítà 36 tí a fọ́ tún ṣe ò sán, omi ń ṣàn nínú rẹ̀ geere. Ibi tí a dúró ní oríta, omi náà dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó lè kọjá. Mo ti kọ lẹ́tà méjì, mo máa kọ ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi bí ìwé yín yẹn ṣe rí ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ fún akọ̀wé àdúgbò tiwọn.