Ìbọn tí a bá lórí àjà bàbá wa: kí ni ká ṣe sí i?

Àbíkẹ́yìn Ọdẹ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe àdúà ogójì ọjọ́ bàbá wa ní Òmù-Àrán. Bí a ṣe ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, àbúrò mi gun àjà, ó sì bá ìbọn kan tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé. Ti bàbá tó bí bàbá wa ni, ọdẹ ni wọ́n láyé ìgbà yẹn. Bí mo bá gbé e nàró, ó dé èjìká mi. Igi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, òrùka irin mẹ́ta ló so igi mọ́ ọ̀pá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ara irin tó wà nídìí òòlù rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo rí adé kékeré kan, VR, lẹ́yìn náà 1862 àti TOWER. Ohun tó rú mi lójú ni irin kan tó wà lẹ́yìn ọ̀pá, ó dà bí ìdérí agolo aáṣáà, ó ní hínjì lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà, kò ṣí. Ṣé ṣakabùlà ni? Àbúrò mi ti ra sanpépà àti fáníìṣì, ó ní òun fẹ́ ha á kó dán, ká gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń jẹ́ kó já, kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ọmọ Ìjàkadì: Ẹ gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ àbúrò yín kí ẹ tó ka ìyókù. Ọdẹ tó ki ìbọn lọ sóko tí kò rí ẹran pa, bó ṣe ki í náà ló ṣe máa gbé e padà wálé. Ẹ̀tù dúdú kì í gbó bí oúnjẹ. Tó bá ti gbẹ, kò sí iye ọdún tí kò lè gbiná. Ẹ wá ọ̀pá igi tín-ín-rín, ẹ má lo irin. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnu ìbọn má kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ rọra tì í bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ fi ìka di ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, ẹ fà á jáde, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta. Bí orí ọ̀pá bá dé ìdí ìdérí yẹn, ó ṣófo. Bí kò bá dé e, nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ má dá a yọ o.

Ṣeun Ajé: Ẹ tà á. Àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ pọ̀ ní Èkó.

Ọmọ Ìjàkadì: @Ṣeun Ajé, ṣé ìwọ ló máa gbé e kọjá gbogbo ibi tí ọlọ́pàá dúró sí lójú ọ̀nà?

Alájì Ìdí-Àpè: Kì í ṣe ṣakabùlà, Snider ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1862 tí wọ́n ṣe é, ẹnu ni wọ́n ń gbà ki í, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Enfield 1853. Nígbà tó di 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà kan. Wọ́n gé ìdí ọ̀pá àwọn ìbọn àtijọ́ wọn, wọ́n fi ìdérí yẹn sí i kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ìdí nìyẹn tí ara ìbọn yín fi dàgbà ju ìdérí rẹ̀ lọ. VR ni Ọbabìnrin Victoria. Ìbọn Martini-Henry tó rọ́pò rẹ̀ ní 1871 kò ní òòlù níta rárá, irin kan ló wà lábẹ́ tí wọ́n ń fà wálẹ̀, nítorí náà ẹ ò lè ṣì í mú.

Ṣùgbọ́n TOWER, ìyẹn àmì ilé ìbọn ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, nìkan kò tó ẹ̀rí pé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn tó ń ṣe ìbọn fún títà nílẹ̀ adúláwọ̀ náà máa ń lù ú sára tiwọn. Ẹ wo ara ọ̀pá nítòsí ìdérí. Bí ẹ bá rí ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dán an wò.

Ẹ máa rántí pé irú àwọn ìbọn aṣídìí báyìí ló ti Èkó dé ọ̀dọ̀ Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, wọn kò sì tú àgọ́ ogun náà ká títí di 1893. Àwa Ìgbómìnà wà nínú rẹ̀. Ní 1890, àwọn òyìnbó ṣe àdéhùn kan ní Brussels pé kí irú rẹ̀ má wọ ilẹ̀ wa mọ́, ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. N kò sọ pé Kírìjì ni ti bàbá yín ti wá o! Ẹ má lọ fi bú àwọn ará ilé kejì.

Àgbẹ̀dẹ Òrò: Àgbẹ̀dẹ ni mí, ó yẹ kí n ní kí ẹ gbé e wá. Ẹ má gbé e wá. Iná àti òòlù ni iṣẹ́ tèmi, méjèèjì ló máa bà á jẹ́, bí nǹkan bá sì wà nínú rẹ̀, ó lè pa èmi náà. Sanpépà yẹn, ẹ dá a padà fẹ́ni tó tà á. Àwọ̀ dúdú tó wà lára irin yẹn ló ń bò ó, ẹ bá ha á, adé àti 1862 á bá a lọ, kò ní ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni á fi mọ̀ ọ́n. Fáníìṣì náà, rárá. Ẹ má fi epo pupa ra á bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó máa ń le gbagidi, ó sì ń di eruku mú.

Nígbà tí ó bá ti dájú pé ó ṣófo, aṣọ rírọ̀ àti òróró máṣíìnì ìránṣọ, díẹ̀ díẹ̀ lára irin nìkan, ó tó. Ẹ má da òróró sára igi. Ẹ kọ́kọ́ wo igi náà bóyá ikán tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, ẹ má sì kì í bọ àpò awọ, nítorí omi tó bá wọ ibẹ̀ nígbà òjò kì í jáde. Ẹ má gbé e síbi tí ọyẹ́ á ti máa fẹ́ lù ú, igi á là.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin. Òfin ìbọn ọdún 1959 ya ìbọn tí wọ́n ń gba ẹnu ki, bíi ṣakabùlà, sọ́tọ̀. Èyí tí Alájì ń júwe yìí kò sí nínú ìsọ̀rí yẹn, nítorí ẹ̀yìn ló ń gba ọta. Kódà bí bàbá yín bá ní ìwé àṣẹ, orúkọ ẹni ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, a kì í jogún rẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn gun ọ̀kadà lọ sí tèṣàn. Ọwọ́ òfo ni kí ẹ lọ, ẹ̀yin àti olórí ẹbí, ẹ ṣàlàyé, kí àwọn fúnra wọn wá gbé e. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó sọnù, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbà á ní mùsíọ́mù Èsìẹ́ tó wà nítòsí yín, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, òun ló kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà.

Ìyá Ìbejì Share: Àbúrò yẹn, ẹ bá mi nà án.

Àbíkẹ́yìn Ọdẹ: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣe bí Ọmọ Ìjàkadì ṣe wí. Ọ̀pá náà dúró nígbà tó ku ìka mẹ́ta kó dé ìdí ìdérí. Ṣe ni mo fi í sílẹ̀ sórí ẹní níbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé ìyá wa lọ́wọ́.

Èmi àti bàbá àgbà, olórí ẹbí wa, lọ sí tèṣàn láàárọ̀. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè títí, wọn ò sì tì wá mọ́lé. Wọ́n wá gbé e. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìbọn lọ́dọ̀ wọn da òróró sí hínjì, ó ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìdérí náà ṣí, ọta kan ló jáde, ó sanra bí àtàǹpàkò mi. Ìdí rẹ̀ jẹ́ irin tó ti pọ́n fún ìpẹtà, ara rẹ̀ jẹ́ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká bí ìwé, ó ti hu àwọ̀ ewé. Ọ̀gá náà fi hàn wá pé irin kékeré tí òòlù máa ń lù kó tó kan ìdí ọta ló ti dípẹtà mọ́ ojú kan. Ó ní òun nìkan ni kò jẹ́ kó dún ní gbogbo ìgbà tí àbúrò mi ń fi ṣeré.

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn dé ilé. Àwọn ọlọ́pàá ní ká kọ lẹ́tà nípa ti Èsìẹ́, bàbá àgbà ló máa fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé. Sanpépà ṣì wà lójú fèrèsé, mẹ́fà ni, a kò tíì lò ó. Ta ló fẹ́ rà á?