Màmá ọkọ mi rò pé kẹ̀kẹ́ lásán ni ọmọ wa ń gùn. Báwo ni mo ṣe máa fi àwòrán eré-ìje alùpùpù rẹ̀ hàn án?

Ìyá Àjàní
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Ọmọ Adó ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni ilé ọkọ mi, Ìlú Ọba la sì ti wá ṣọdún. Màmá ọkọ mi máa pé ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì. Àwọn ẹbí wá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun wá fi àwòrán ṣàlàyé ohun tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣe lọ́hùn-ún, kí Màmá lè mọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lọ́mọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Àbúrò rẹ̀ lọ́mọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tèmi rèé, alùpùpù ló ń gùn.

Kì í ṣe ọ̀kadà o. Mọ́tókírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, eré-ìje alùpùpù lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti kó òkìtì sí káàkiri, tí àwọn ọmọ á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni tèmi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lórí 50cc (cc ni wọ́n fi ń sọ bí ẹ̀rọ alùpùpù ṣe tóbi tó). Ó gun 65cc, 85cc ló wà báyìí tó ti pé mẹ́tàlá. Òpin ọ̀sẹ̀ wa kò sí mọ́. Inú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá la ń sùn, bàbá rẹ̀ á máa tún ẹ̀rọ ṣe, èmi á máa fọ ẹrẹ̀. Ṣòkòtò kan wà tí mo fi omi ṣan lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rántí pé búlúù ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí. Ọ̀kadà ni àkọ́bí Màmá ń gùn bọ̀ láti Adó lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1998 tí ọkọ̀ fi gbá a. Ẹni tó gbá a kò dúró. Àwọn tó ń lọ oko láàárọ̀ ló rí i. Láti ìgbà náà Màmá kò gun ọ̀kadà mọ́, bó ti wù kí ọjà jìnnà tó. Nítorí náà, ọdún méje la ti ń sọ fún un pé "kẹ̀kẹ́ lọmọ yín ń gùn, Màmá." A kò purọ́ tán, a kò sì sọ òótọ́ tán.

Mo ní fọ́tò 212 àti fídíò 31. Kò sí bí mo ṣe máa tò ó tó fi máa yé wọn. Èkejì, ọmọ náà ṣubú lọ́dún tó kọjá, eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká rẹ̀ kán, fídíò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ̀ ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní bí mo bá yọ ọ́, ìtàn òun kọ́ nìyẹn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Olósùnta
Ẹ kú àbọ̀ mà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lójú tẹlifíṣọ̀n, 212 yẹn á gba ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 40, a kò tíì fọwọ́ kan fídíò o. Kí ẹ tó dé 65cc, wọ́n á ti gbé iyán jáde. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iyán bá jáde. Ẹ mú fọ́tò 40 àti fídíò mẹ́ta.

Àbíkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ má bínú sí mi o. Ìdílé tí ọ̀kadà ti pa èèyàn, ẹ wá gbé ọmọ ọdún mẹ́fà gun alùpùpù? Kí ni ẹ ń wá?

Ìyá Àjàní
Ẹ̀gbọ́n, n kò bínú. Ìbéèrè tí mo bi ọkọ mi nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo wá tẹ̀ lé wọn lọ. Mo rí akoto tó bo ẹnu àti àgbọ̀n, kọ́là líle tó gba ọrùn mú, apata àyà àti ti ẹ̀yìn, ìbòrí orúnkún, bàtà tó ga dé abẹ́ orúnkún. Mo rí àwọn tó dúró pẹ̀lú àsíá níbi òkìtì. Bí ẹnì kan bá ṣubú, wọ́n á ju àsíá ofeefee, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fò, wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá ara wọn níbẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ojú pápá kò ní ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní ẹni tó ń bọ̀ níwájú láìtan iná.

Ọlọ́kadà Básírì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Láti 2006 ni mo ti ń fi ọ̀kadà jẹun ní Adó, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Mà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré-ìje. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò alùpùpù náà nìkan, kó dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ohun tí kò sí lára rẹ̀ han Màmá. Kò ní iná iwájú. Kò ní nọ́ńbà. Kò ní àyè fún èrò. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, kò ní irin tá a fi ń gbé e dúró gan-an. Màmá máa rí i pé ohun tí kò lè wọ títì ni, kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Ìgbà yẹn ni orí rẹ̀ á yà á sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ó kéré o! 100cc ni tèmi, mo sì mọ̀ pé 85cc irú yẹn lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń po ọ́ọ́lì mọ́ epo rẹ̀ ni, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" yẹn. Òórùn èéfín kan náà.

Ti akoto tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ akoto di dandan, àwọn ará wa kan ń dé igbá kiri! Ẹ jẹ́ kí Màmá rí akoto ọmọ yín, kó fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Ṣé Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Bó bá ń lò ó, ẹ má fi fídíò ìṣubú hàn án lálẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé àárín èrò ló ti máa kọ́kọ́ rí i. Láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti jẹun tó sì ti lo oògùn.

Bàbá Projẹ́ktọ̀
Iṣẹ́ mi rèé, Ajílòsun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ṣé inú gbọ̀ngán ni àbí abẹ́ kánópì? Bó bá jẹ́ kánópì lọ́sàn-án, ẹ gbàgbé projẹ́ktọ̀. Oòrùn á jẹ àwòrán náà, ojú funfun lásán ni èèyàn máa rí, wọ́n á wá máa bú oníprojẹ́ktọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì ni kẹ́ ẹ háyà, ọ̀kan níwájú Màmá, ọ̀kan lápá àwọn àlejò.

Ẹ má gbé e wá bíi PowerPoint. Lẹ́tà tó lámì yín lè di àpótí-àpótí lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, "Ìkẹ́rẹ́" á wá di nǹkan míì. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di fídíò MP4 kan ṣoṣo, ẹ dà á sórí flash méjì, kẹ́ ẹ wá dán an wò lórí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ máa lò gan-an. Bó bá ju 4GB lọ, flash tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kò ní gbà á. Ẹ má sì gba fọ́tò lórí WhatsApp lásán, ó máa ń fún un pọ̀ títí ojú ọmọ á fi di kúrukùru. Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ má so ó pọ̀ mọ́ ti olórin o. Mo ti rí i.

Ọmọ Olósùnta
Fún àwa ọ̀dọ́, ẹ fi ìlà kan sí i nípa James Stewart, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà láti Florida tó sá eré-ìje mọ́tókírọ́ọ̀sì. Ní 2008, eré 24 ni wọ́n sá nínú ìdíje ìta gbangba ti àwọn alùpùpù 450cc lọ́hùn-ún, òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé wa máa ń rò pé eré òyìnbó ni.

Tíṣà Ìjerò
Ìyá Àjàní, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Mo ti fẹ̀yìn tì, n kò mọ nǹkan kan nípa alùpùpù, ṣùgbọ́n mo ti fi àwòrán kọ́ ọmọdé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìbéèrè méjì ni mo ní.

Fọ́tò wo lẹ fẹ́ràn jù nínú 212? Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì: nínú fídíò ìṣubú yẹn, lẹ́yìn tó ṣubú, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìyá Àjàní
Màmá Tíṣà, ẹ ṣeun mà. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù kò ní fífò kankan nínú. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ bí ogójì ló máa ń tò sẹ́yìn irin géètì. Wọ́n á gbé pátákó tí wọ́n kọ 15 sí sókè, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á gbé ti 5, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí géètì máa wó lulẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni mo ti ya á. Ìka méjì ló wà lórí kílọ́ọ̀ṣì (clutch), ìka mẹ́ta tó kù di ọwọ́ alùpùpù mú pinpin. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà létí èékánná rẹ̀, torí kì í fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ títí dìgbà tí mo bá pariwo. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti lẹ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ léra wọn sójú gíláàsì rẹ̀; bí ẹrẹ̀ bá bò ó, á ya ọ̀kan dànù, á tún máa ríran. Ọ̀kan ti ká létí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá.

Ti fídíò: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré ló wà lọ́wọ́ mi, torí èmi ni mo gé e síbi tó ti kan ilẹ̀. N kò lè wò ó. Odidi rẹ̀ wà lórí fóònù bàbá rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin alásíá ti sáré dé kí alùpùpù tó dúró yíyí. Ó dúró sí iwájú ọmọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń ju àsíá. Wọ́n fi àsíá pupa dá gbogbo eré dúró. Àwọn oníṣègùn méjì kúnlẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀.

Tíṣà Ìjerò
Ẹ dá ohun tẹ́ ẹ gé padà.

Ibi tẹ́ ẹ gé e sí yẹn, ibẹ̀ ni Màmá wà láti 1998. Ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá hàn án, ìṣubú nìkan lẹ fi hàn án. Bẹ́ ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ló burú jù. Ẹ jẹ́ kó máa lọ títí wọ́n fi gbé e dìde.

Ẹ fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ bẹ̀rẹ̀, bí Màmá bá wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Ọlọ́kadà Básírì tẹ̀ lé e, ọgbọ́n ńlá ló sọ. Lẹ́yìn náà fọ́tò ọwọ́. Kí bàbá ọmọ sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ìyàwó kọ́ ló máa gbé irú ẹrù yẹn.

Àbíkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
N kò tíì gbà pé ó yẹ kí ọmọdé máa ṣe é. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ti Màmá Tíṣà.

Ìyá Àjàní
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Lánàá ni bàbá Àjàní jókòó ti Màmá lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán. Ó kọ́kọ́ gbé akoto àti ẹyọ bàtà kan lé e lẹ́sẹ̀. Màmá sọ bàtà náà wò lọ́wọ́, wọ́n ní ó wúwo ju ọmọ odó lọ, wọ́n bi í pé ẹsẹ̀ wo ló ń gbé e. Ọkọ mi wá sọ̀rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún.

Màmá ní, "Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ ni? Kẹ̀kẹ́ wo ló ń pariwo báyẹn létí fóònù láti ọdún yìí wá?" (Èdè Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó dùn ju báyìí lọ, n kò lè kọ ọ́ tán.)

Wọ́n ní ká gbé fídíò náà wá. Odidi rẹ̀ la fi hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọkùnrin alásíá yẹn. "Ta nìyí?" Ọkọ mi ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ pápá ni. Màmá ní, "Bẹ́ ẹ bá padà, ẹ bá mi kí i." Wọ́n dìde wọ yàrá lọ, a kò rí wọn títí di àsálẹ́. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ki oríkì rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́ ju ìdajì lọ kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Fídíò ìṣubú wọlé nìyẹn. Mo ti gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú mẹ́fà, fọ́tò 38. Ọmọ Olósùnta, mo fi James Stewart sí i.

Bàbá Projẹ́ktọ̀, abẹ́ kánópì ni. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni tẹlifíṣọ̀n méjì yẹn fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀?