Ìwé tó gbọdọ̀ bá ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú rìn

Láti Ìbarà, Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun. Ilé ìtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú kan ní Ìkẹjà ní kí n bá àwọn ra páǹpù epo láti Amẹ́ríkà. Òǹtajà ní òun yóò fi risíìtì àti ìwé tí òun fúnra òun buwọ́ lù ránṣẹ́. Ǹjẹ́ ìyẹn tó?

Láti Houston: Kò tó, àbúrò. Risíìtì kò ju ẹ̀rí pé o ti sanwó lọ. Fọ́ọ̀mù FAA 8130-3 ni kí o béèrè, èyí tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin fún láṣẹ fi ń jẹ́rìí pé ẹ̀yà náà bá àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí mu, tí ó sì wà ní ipò tí a fi lè lò ó láìséwu. Ní Yúróòpù, EASA Form 1 ni, ti àjọ ọkọ̀ òfuurufú tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo CAA Form 1 ti àjọ tiwọn láti 2021.

Kí o tó sanwó, ní kó ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà àti ti àwo irin tó wà lára páǹpù. Lórí fọ́ọ̀mù náà, àpótí 8 ni páàtì nọ́ńbà, àpótí 10 ni síríà nọ́ńbà. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí ti ara irin, di owó rẹ mú. Àpótí 11 yóò sọ bóyá tuntun ni tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe: ti tuntun, apá òsì, ní àpótí 13, ni ìbuwọ́lù wà, ti àtúnṣe, apá ọ̀tún, ní àpótí 14. Èyí tí wọ́n buwọ́ lù lápá méjèèjì, má gbà á. Orí àpótí 12 ni èmi máa ń pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ohunkóhun tí ó kù díẹ̀ káàtó sí. Má fojú kéré ìwé ayédèrú: ní 2023 ni àṣírí tú pé wọ́n ti fi ìwé irọ́ ta ẹ̀yà CFM56, irú ẹ́ńjìnnì kan tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ òfuurufú èrò. Pe ilé tó buwọ́ lù ú, kì í ṣe òǹtajà, kí o sì fi nọ́ńbà inú àpótí 3, ìyẹn nọ́ńbà fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀, béèrè.

Láti Ìbarà: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pé, ṣé wọ́n lè dè é mọ́ ọkọ̀ nìyẹn?

Láti Houston: Rárá. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà gan-an ló sọ pé òun nìkan kò tó àṣẹ láti dè é. Ẹnjiníà tó ní láìsẹ́ǹsì ní Ìkẹjà ni yóò pinnu bóyá ó bá ọkọ̀ yẹn mu. Láìsẹ́ǹsì tí ìjọba Amẹ́ríkà lè béèrè kí ọjà tó jáde kúrò nílùú sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Béèrè ìyẹn náà lọ́wọ́ òǹtajà nísinsìnyí.