“Ọ̀rọ̀ ìbejì” kò bá gbogbo wọn mu

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìjerò dá a lábàá pé kí a máa pe àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ohùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bíi son àti sun, ní “ọ̀rọ̀ ìbejì”. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ọmọdé á sì tètè mú un. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, n kò fara mọ́ ọn.

Inú kan náà ni ìbejì ti ń jáde. Son àti sun kò bá ara wọn tan rárá. Láyé àtijọ́, sunu ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọkùnrin, sunne ni wọ́n ń pe oòrùn. Ẹnu ló gé wọn kúrú títí wọ́n fi pàdé.

Sáà tó kọjá, ọmọ kan ní kíláàsì mi ní Ìkẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé ìyá òun ra “one bag of flower”. Mo fi báírò pupa fa igi sí i. Ló bá wò mí lójú, ó ní, “Mà, ṣebí fúláwà náà ni.” Kò parọ́! Nílé wọn, fúláwà ni ìyá rẹ̀ fi ń ṣe búrẹ́dì, fúláwà náà ló gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé ìbejì gan-an ni flour, ìyẹ̀fun búrẹ́dì, àti flower, òdòdó. Èyí tó kúnná jù nínú àlìkámà lílọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní òdòdó rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Samuel Johnson, ará ìlú Òyìnbó, ṣe ní 1755, flower ṣì ni a kọ fún méjèèjì.

Bí a bá wá ń pe gbogbo wọn ní ìbejì, báwo la ṣe máa ya flour àti flower sọ́tọ̀ kúrò lára son àti sun? “Afohùnjọra” ni èmi mú wá: ohùn ni wọ́n fi jọra, kò sọ pé wọ́n bá ara wọn tan.

Àbúrò wa tó fi ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ ni n kò ti gbà. Ohùn wọn yàtọ̀ gedegbe. Àìfàmìsí ló mú wọn jọra lójú ìwé, nítorí náà “afojújọra” ni wọ́n, bíi lead tó jẹ́ òjé àti lead tó jẹ́ kí èèyàn ṣíwájú. Afohùnjọra tiwa ni kọ́: ó kọ́ ilé, ó kọ́ iṣẹ́, ó fi fìlà kọ́ ara ògiri.

Ship àti sheep kò sí nínú èyíkéyìí. Ẹnu àwa ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, tí wọ́n sì ń yí “u” yẹn padà sí “i” bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì, etí wọn mú. Mo máa ń ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan fún ship, kí wọ́n sì na ọwọ́ gbọọrọ fún sheep, títí ahọ́n wọn á fi gbà á.