Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ yìí?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ń dúró de admíṣọ̀n, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Makoko ní gbogbo Sátidé, ọ̀fẹ́ ni o. Tẹ́lẹ̀, orí Third Mainland Bridge ni mo ti máa ń wo àwọn ilé orí omi yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo sì rò pé ọ̀lẹ ló kún ibẹ̀. Irọ́ gbuu! Ọmọ Ègùn kan wà, ọmọ ọdún 9, á ti bá ìyá ẹ̀ yan ẹja kílẹ̀ tó mọ́, á wá fúnra ẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi wá sí kíláàsì, èéfín ẹja á máa rùn lára ìwé ẹ̀, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Ní báyìí màámi ti bá mi ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan, Sátidé sì wà nínú ẹ̀, mi ò lè bá wọn jiyàn torí owó ò sí nílé lóòótọ́. Ọmọ yẹn ṣì bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Àǹtí, ṣé ẹ máa wá?" Mi ò lè dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣerú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé kí n bẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fún Sátidé kan lóṣù, àbí kí n kúkú wá ẹni tó máa gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi?